Igbó Omo Kò Ṣeé Gbé Lọ sí Edinburgh

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n nínú igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó fẹ́ mọ iye erin tó ṣẹ́kù lè rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má fojú kan ẹyọ kan. Igbó náà dí, erin inú igbó kò sì tóbi tó ti ọ̀dàn. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni a máa ń rí, ìgbẹ́ náà sì ni àwọn onímọ̀ ń kà. Wọn á la ọ̀nà tó gún gbọọrọ já inú igbó, wọn á máa rìn ín, wọn á sì máa wọn bí òkìtì ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà tó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò iye òkìtì tó wà nínú igbó náà látòkè délẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wá kù: ìgbà mélòó ni erin kan ń yàgbẹ́ lójúmọ́, ọjọ́ mélòó sì ni ìgbẹ́ náà máa ń wà nílẹ̀ kó tó jẹrà tán? Bí a bá ṣi ìdáhùn ìbéèrè kejì mú, tí a ní ọgbọ̀n ọjọ́ dípò ọgọ́ta, iye erin tí a máa kéde yóò di ìlọ́po méjì iye tó wà níbẹ̀ gan-an. Àṣìṣe ńlá nìyẹn lórí ẹranko tí àjọ IUCN kà ní 2021 mọ́ àwọn tó wà létí bèbè àtirun.

Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń kọ́ni ní ipele máásítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko igbó àti ìdáàbòbò wọn. Yunifásítì Edinburgh Napier ní Scotland wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà láti ọ̀nà jíjìn: akẹ́kọ̀ọ́ wà nílùú rẹ̀, ẹ̀kọ́ ń bá a nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n gbà pé ènìyàn lè jókòó sílé kọ́ ìṣirò owó, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ nípa ẹkùn lórí kọ̀ǹpútà? Èmi rò pé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ọ̀nà jíjìn bá mu, nítorí pé olùkọ́ nìkan ló jìnnà. Ẹranko tí a ń kọ́ nípa rẹ̀ kò jìnnà sí akẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ erin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò máa ń mú kó tètè jẹrà, ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa dá a dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ya iye ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n nínú igbó orílẹ̀-èdè mìíràn lò fún Omo, àfọwọ́fà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Níbí ni a ti gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan péré láti fi parí máásítà rẹ̀, àsìkò iṣẹ́ ìwádìí sì sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Bó bá tilẹ̀ rówó ọkọ̀ òfuurufú padà wálé ṣe é, inú òjò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní fojú kan ọyẹ́. Ẹni tó ń kà á díẹ̀díẹ̀ láti ilé fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta yóò rí òjò, yóò rí ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì tún rí òmíràn tó lè fi wé ti àkọ́kọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kírẹ́díìtì 180 ni máásítà. Ẹni tó bá dúró lórí 60 lè gba ìwé ẹ̀rí, ẹni tó dé 120 lè gba dípúlómà, iṣẹ́ ìwádìí ló sì máa ń gbé e dé òpin. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀ràn ilé tàbí ti ibi iṣẹ́ lè dá dúró láàárín ọ̀nà. Àwọn irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò jù, bíi R fún ìṣirò àti QGIS fún yíya àwòrán ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Àtakò kan wà tí mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sí fídíò tó lè kọ́ ènìyàn bí a ti ń yọ ẹyẹ kúrò nínú àwọ̀n láìdá a lápá, tàbí bí a ti ń gbé àdán dání. Ọwọ́ ló ń kọ́ ìyẹn, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wù gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti kọ́ ọ: ibùdó ìwádìí ẹyẹ APLORI nítòsí Jos ń ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdáàbòbò kò béèrè pé ká fọwọ́ kan ẹranko. Kámẹ́rà tí a so mọ́ igi kò béèrè bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ kíkà kò béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń sọ pé olùkọ́ tó wà ní Scotland kò mọ igbó wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà, wọ́n mọ odò tí erin ń mu nígbà ọ̀dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé lè máa tọ̀ wọ́n lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí ẹni tó wà ní Edinburgh kò lè ṣe nìyẹn.

Ti pé ìwé ẹ̀rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò níyì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rẹ̀ ṣe ìdánwò oyè. Ilé níbí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà tó fi ka B.Com. tó gbà ní 1944. Síbẹ̀, kí ènìyàn tó san kọ́bọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bóyá wọn yóò ka oyè náà sí. Owó ni ìṣòro tó le jù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth ní apá kan fún máásítà láti ọ̀nà jíjìn, tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń rí i gbà. Fún àwọn yòókù, pọ́n-ùn ni wọn yóò wá kiri pẹ̀lú owó oṣù náírà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo Ìbàdàn. Yunifásítì ibẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹranko igbó, ó sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn réńjà tó ń ṣọ́ ọ ń sùn sínú àgọ́, wọn kò lè máa wá sí kíláàsì ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí ẹ̀ka méjèèjì bá para pọ̀ gbé máásítà kan kalẹ̀ tí wọn yóò máa san náírà fún, tí ọgbà náà sì fún réńjà mẹ́wàá láyè láti kà á, ìgbẹ́ tí wọ́n ń kọjá lójoojúmọ́ yóò di ìṣirò.