Gíláàsì Dúdú Lójú Pópó: Ibi Tí Àṣẹ Ọlọ́pàá Dé àti Ibi Tí Kò Dé

Ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ tó ń jáde láti èbúté Apapa àti Tin Can ni gíláàsì ẹ̀yìn wọn ti dúdú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Bí Toyota Highlander ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Sienna àti Lexus RX. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fàyè gba àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ wọ̀nyí láti fi gíláàsì tó ṣókùnkùn sí ẹ̀yìn awakọ̀, nítorí náà ẹni tó rà á ní Houston tàbí Atlanta kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ọkọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Èkó, àwọn aṣọ́bodè gba owó ibodè lórí rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ọlọ́pàá yóò ti dá ẹni tó ni ín dúró, tí yóò bi í pé níbo ni ìwé àṣẹ tíńtẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà.

Ìbéèrè náà tọ̀nà lójú òfin. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni kì í tọ̀nà. Kí awakọ̀ tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ní kó ṣí búùtù, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ń wádìí irú iṣẹ́ tó ń ṣe tó fi rówó ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ gíláàsì á ti kúrò nílẹ̀, á ku ẹ̀gúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń san án nítorí pé wọn kò mọ ibi tí àṣẹ ẹni tó dá wọn dúró parí sí. Ó ní ibi tó parí sí, ó sì wà nínú ìwé òfin.

Ìjọba ológun Ibrahim Babangida ló ṣe òfin tó de gíláàsì dúdú lọ́dún 1991. Òfin náà ṣì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2004. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kun gíláàsì ọkọ̀ tàbí kó fi ohunkóhun bò ó, ì báà fẹ́lẹ́, ì báà ki, débi tí ará ìta kò fi ní rí inú ọkọ̀, àfi tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tàbí ẹni tó yàn bá fún un láyè nítorí ìdí tó ṣe gúnmọ́. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 náà sọ pé gíláàsì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara kí àwọn tó wà níta lè rí ẹni tó wà nínú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún awakọ̀ pé ọlọ́pàá kò lẹ́tọ̀ọ́ rárá láti béèrè ìwé àṣẹ gíláàsì, ó ń tì í sínú wàhálà ni.

Òfin náà nídìí. Adigunjalè àti ajínigbé ń fi gíláàsì dúdú bojú, ẹbí tí wọ́n ti gbé èèyàn wọn lọ rí kò ní bá ọlọ́pàá jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó nílò òkùnkùn yẹn fún ire ara wọn náà wà. Oòrùn máa ń jó àfín lára, ó máa ń bà wọ́n lójú jẹ́. Àwọn tó ní àrùn lupus náà ń sá fún un. Irú wọn ni ìwé àṣẹ yìí yẹ kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn láìsí ìdààmú.

Ibi tí òfin 1991 ti kù káàtó jù ni pé kò ní òṣùwọ̀n. Bí Yorùbá kan ní Peckham bá fi tíńtì sí ọkọ̀ rẹ̀, ó mọ ohun tí òfin Britain fẹ́: gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé, ti ojú ọkọ̀ sì jẹ́ ìdá 75 fún ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹrin 1985. Ti ẹ̀yìn, òfin kò dá sí i. Ní Texas, ìdá 25 ni fún ẹ̀gbẹ́ iwájú, ní Maryland ìdá 35. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ọlọ́pàá ibẹ̀ lè fi há gíláàsì láàárín, nọ́ńbà á sì jáde, awakọ̀ àti ọlọ́pàá á jọ rí i. Ní Nàìjíríà, ojú ọlọ́pàá ni òṣùwọ̀n. Gíláàsì kan náà lè kọjá ní Ògèrè kí wọ́n sì dá a dúró ní Ṣàgámù. Níbi tí kò bá ti sí nọ́ńbà, ìdúnàádúrà ló máa ń wọlé, àwọn tó ń ṣòfin l'Ábùjá sì ti ní ọdún tó lé ní 30 láti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà kò dúró sójú kan. Lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Usman Alkali Baba, dá fífún aráàlú ní ìwé yìí dúró, bẹ́ẹ̀ ni òfin tó béèrè fún un kò kúrò nílẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ tẹ̀lé òfin kò rí ìwé tí òfin ní kó gbà. Ní oṣù Kẹrin 2025, Kayode Egbetokun, tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, tún ṣí i, ó ní kí àwọn èèyàn lọ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní POSSAP. Wọ́n kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n sún un sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá. Kí ọjọ́ náà tó pé, Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, ti gbé ọlọ́pàá lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá, wọ́n ní òfin ayé ológun yìí kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu mọ́. Ilé ẹjọ́ irú rẹ̀ kan ní Warri náà pàṣẹ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá pé kí nǹkan ṣì wà bó ṣe wà. Ọlọ́pàá sinmi díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n kéde pé àwọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní 2026, NBA sì yarí pé ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́.

Èyíkéyìí tó wù kó borí nínú ẹjọ́ yẹn, ohun kan wà tí kò yí padà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Àṣẹ láti wo gíláàsì kì í ṣe àṣẹ láti tú ọkọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wo gíláàsì. Kò sí ohun tó wà nínú búùtù tó lè sọ bóyá gíláàsì dúdú tàbí kò dúdú. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé kí ọlọ́pàá tó tú ara èèyàn tàbí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura pé òun yóò rí ohun tí wọ́n jí tàbí ohun tí òfin kà léèwọ̀ níbẹ̀. Ríìmù tó ń dán, saléǹsà tó ń bú ramúramù, irun dàda lórí ọmọkùnrin tó ń wakọ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí olè jíjà nínú wọn.

Ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí òfin yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bú jáde. Oṣù Kẹsàn-án 2020 ni Ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù ú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ojú títì láti Aláùsá dé Lẹ́kí, láti Òṣogbo dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń ké pé kí ìjọba tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń rò kò yàtọ̀ síra: àwọn SARS dá wọn dúró nítorí ọkọ̀ tó rẹwà, wọ́n tú fóònù wọn, wọ́n ní ọmọ yàhúù ni wọ́n, wọ́n sì gba owó wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Mohammed Adamu, kéde pé òun ti tú ẹ̀ka náà ká. Ìwà náà kò bá ẹ̀ka náà lọ.

Ní ti fóònù, abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, títí kan ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí àwọn ọmọ wọn yé tú fóònù aráàlú lójú títì. Bí ìdí bá wà láti tú ara èèyàn, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, ACJA, ní kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí obìnrin sì tú obìnrin àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá mú awakọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Abala 35 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn, ó sì ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Yorùbá wà nínú èdè yẹn.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Ní Nebraska, ọlọ́pàá kan dá Dennys Rodriguez dúró nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ yà bàrá sí etí títì. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, iṣẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ló tún ní kó dúró kí ajá wá gbóòórùn ọkọ̀ náà. Ìṣẹ́jú bíi 7 sí 8 péré ló lé lórí rẹ̀. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ náà ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sùn ìwakọ̀ dá èèyàn dúró kọjá àkókò tí iṣẹ́ náà gbà, àfi tó bá ní ìdí mìíràn láti fura. Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de adájọ́ Nàìjíríà, àmọ́ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Houston tàbí Baltimore wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Owó ìtanràn ńkọ́? Òfin 1991 ní ẹni tó bá jẹ̀bi yóò san owó tí kò ju 2,000 náírà lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Adájọ́ ló ń dá ẹ̀bi, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Kò sí ibi kankan nínú òfin náà tí wọ́n ti fún ọlọ́pàá tó wà lójú títì lágbára láti dá iye tí yóò gbà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kí awakọ̀ fi í ránṣẹ́ sí àpò ilé ìfowópamọ́ ọmọ ọlọ́pọ́ọ̀sì kan létí ọ̀nà.

Agbẹjọ́rò kan l'Ábùjá fi hàn pé ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2023, àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, dá a dúró ní Jabi, wọ́n sì gba ọkọ̀ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2024, Adájọ́ Evelyn Maha dájọ́ pé kò sí òfin tó fún àwọn VIO Àbújá náà lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Adájọ́ náà ní kí wọ́n san 2.5 mílíọ̀nù náírà fún un. Ọlọ́pàá kì í ṣe VIO, òfin tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ìdájọ́ náà kan gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ìjọba: kí ó tó gba ohun ìní èèyàn, kó fi òfin tó fún un lágbára hàn.

Àtúnṣe ara ọkọ̀ kò mọ sórí gíláàsì. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí tó kun ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ní dúdú, ti sọ pátíkúlà rẹ̀ di irọ́ láìmọ̀. Níbí yìí, ọlọ́pàá ní ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀, torí bí àwọn olè ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Kí ẹni tó ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lọ yí ìwé náà padà ní ọ́fíìsì tó ti gba nọ́ńbà ọkọ̀, kí rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà sì wà nínú ọkọ̀. Lọ́dún 2024, ọlọ́pàá gbìyànjú láti fi ìforúkọsílẹ̀ tuntun kan, e-CMR, kún àwọn ìwé tí wọn yóò máa béèrè. Aráàlú pariwo, ọlọ́pàá sì dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá dá awakọ̀ dúró, kó dúró. Kó yí gíláàsì sísàlẹ̀, kó tan iná inú ọkọ̀ tó bá jẹ́ alẹ́, kó kí wọn bí ọmọlúàbí ṣe ń kí èèyàn, kó sì fi ìwé rẹ̀ hàn. Kó wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà ọlọ́pàá náà. Bí wọ́n bá ní kó ṣí búùtù, ó lè fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fura sí?” Kó má fà á mọ́ ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́, bí wọ́n bá fipá tú u, kó rántí àsìkò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá ti jẹ́wọ́ láti ẹnu Olumuyiwa Adejobi, agbẹnusọ wọn tẹ́lẹ̀, pé aráàlú lè ya fídíò wọn lẹ́nu iṣẹ́, bí kò bá ti dí wọn lọ́wọ́.

Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú, CRU, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Solomon Arase, dá sílẹ̀ lọ́dún 2015. Àjọ tó ń rí sí ìgbani-síṣẹ́ àti ìbáwí ọlọ́pàá, PSC, náà ń gba ìwé ẹ̀sùn. Ní Èkó, ọ́fíìsì OPD ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò rò lọ́fẹ̀ẹ́, Legal Aid Council sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tí agbẹjọ́rò Jabi gbà kò sì gbọdọ̀ rò pé ọjọ́ ti lọ: ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 sọ pé òfin tó ń fi gbèdéke sí àsìkò ìpẹ̀jọ́ kò kan irú ẹjọ́ yìí.