Oògùn Tó Ń Gba Awọ Ara Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kì í ṣe àlọ́. Òtítọ́ ni, ìyanu sì ni. Oògùn kan wà tí a kì í gbé mì, tí a kì í fi abẹ́rẹ́ gún. Plásítà olóògùn ni. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, oògùn inú rẹ̀ á sì rìn títí yóò fi dé ọkàn àti ọpọlọ.

Awọ ara kì í dédé gba àlejò. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ ná kí wọ́n tó fi oògùn ra ojú rẹ̀. Ìpele òkè pátápátá lára awọ wa fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, síbẹ̀ ògiri ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú tò lé ara wọn bíi bíríkì, ọ̀rá sì ni ẹrẹ̀ tó dì wọ́n mú. Oògùn tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kéré, kó sì lè bá ọ̀rá yẹn rẹ́.

Alejandro Zaffaroni, ọmọ Uruguay, ló dá ilé-iṣẹ́ ALZA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, tó ń wá ọ̀nà tí oògùn yóò fi máa wọ ara ní wọ̀ǹtún-wọ̀nsì. Lọ́dún 1979, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú plásítà bẹ́ẹ̀. Scopolamine ló wà nínú rẹ̀, fún àwọn tí èébì máa ń gbé bí wọ́n bá wọ ọkọ̀. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ọjọ́ 3 ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó kan àwa tí irun wa ti funfun. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, omi inú ògiri yẹn ń gbẹ, ọ̀rá rẹ̀ ń dín kù, awọ abẹ́ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn níbẹ̀ kò sì pọ̀ bíi ti ìgbà èwe mọ́. Ẹni tó bá rí awọ wa tó ti hunjọ lè rò pé wéré ni oògùn á máa gba ibẹ̀ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Roskos, Maibach àti Guy, àwọn onímọ̀ ní California, dán an wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1989. Wọ́n fi oríṣiríṣi oògùn sí apá àwọn ọ̀dọ́ àti ti àwọn tó ti lé ní ọdún 65, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n lè mọ iye tó wọlé. Hydrocortisone, aspirin àti caffeine tó wọ ara àgbà kéré sí ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n testosterone àti estradiol wọ ara tàgbà tèwe bákan náà. Ọ̀rá ni àwọn méjì yìí fẹ́ràn, ìwọ̀nba ọ̀rá tó ṣẹ́kù sì tó wọn. Àwọn tó ń fẹ́ omi ni awọ gbígbẹ kò yọ̀ǹda fún.

Ṣé oògùn kò wá ní lágbára lára àgbà ni? Rárá o. Wíwọlé ọ̀tọ̀, jíjáde ọ̀tọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń fọ oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ń falẹ̀ bí a ti ń dàgbà. Ẹ wo fentanyl, oògùn ìrora líle tó fi ìlọ́po 50 sí 100 lágbára ju morphine lọ. Wákàtí 72 ni plásítà rẹ̀ máa ń wà lára. Awọ á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́, kó tó máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Kódà bí ẹ bá ṣí i kúrò, ó lè gba wákàtí 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ tó dín sí ìdajì. Bó bá pọ̀ jù, èémí ló ń dá dúró. Ooru sì ń mú kó yára tú jáde: ẹni tó bá lẹ fentanyl mọ́ra kò gbọdọ̀ yáná bí a ti ń yá a yìí, kò sì gbọdọ̀ fi omi gbígbóná jó ara.

Lọ́dún 2007 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí plásítà rivastigmine fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń bá jà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan lẹ tòní láìṣí tàná. Oògùn pọ̀ jù lára wọn, wọ́n ń bì, ìlùkìkì ọkàn wọn falẹ̀, àwọn mìíràn sì kú.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó ń gbàgbé kò lè máa ṣọ́ plásítà ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ bá a ṣọ́ ọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ má fi òrí pa ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò. Èyí tí ẹ bá ṣí, ẹ ká a pọ̀ kí ojú tó ń lẹ̀ dojú kọ ara wọn, kí ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, torí oògùn ṣì kù nínú rẹ̀ tó lè pa wọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó lẹ tuntun mọ́ ara bàbá tàbí ìyá yín, ẹ wá ti tẹ́lẹ̀ rí, kí ẹ ṣí i.