Ihò Tó Wà Níbi Iná

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Ford Thunderbolt ọdún 1964 lè rò pé olè ti tú méjì nínú iná iwájú rẹ̀ lọ. Iná mẹ́rin ni Fairlane, mọ́tò tí wọ́n tún ṣe di Thunderbolt, ní bí Ford ṣe ń tà á fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n lára Thunderbolt, àwọ̀n ló bo ojú méjì tó wà láàárín. Ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni rọ́bà méjì tó fẹ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta lọ sórí káábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ooru sì ti sọ ọ́ di fífúyẹ́. Ti ìta tutù, ó ki, ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀, epo tí ẹ́ńjìnnì máa rí jó á sì pọ̀ sí i.

Nǹkan bí 100 ni wọ́n ṣe, nítorí ìdíje NHRA ní Amẹ́ríkà: mọ́tò méjì á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sá ìdá mẹ́rin máìlì lójú ọ̀nà gbọọrọ, ó tán. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 427, tó jẹ́ ti mọ́tò ńlá, ni wọ́n rọ́ sínú Fairlane. Ó ga débi pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ní láti yọ iké kó tó lè padé.

Wọ́n wá ń bá ìwúwo jà. Fáíbà ni bọ́nẹ́ẹ̀tì, ike ni wíńdò ẹ̀gbẹ́. Kò sí rédíò, kò sí hítà, kò sí táyà àfipamọ́. Síbẹ̀, bátìrì ràgàjì kan wà nínú búùtù, lápá ọ̀tún. Òun ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí mọ́tò bá ṣe ń fò kúrò lójú kan, agbára tó ń yí ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ á máa fẹ́ gbé táyà ẹ̀yìn ọ̀tún sókè, táyà tí kò bá sì tẹ ilẹ̀ dáadáa á kàn máa yí lórí asán ni. Bátìrì yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lónìí, kò rọrùn láti dá ojúlówó Thunderbolt mọ̀: Fairlane àti ẹ́ńjìnnì 427 kì í ṣe ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú kò lè rí rà. Àwọn asáré ìgbà náà ò sì ro ti ẹni tó máa rà á lẹ́yìn wọn: fáíbà tó bá sán, wọ́n á jù ú nù, ẹ́ńjìnnì tó bá fọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó rọ́bà afẹ́fẹ́ fi di nǹkan olówó iyebíye, tí rédíò tó dára sì fi ń bí ìfura.

Ford fúnra rẹ̀ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn àpótí kékeré iwájú èrò, pé ìpàdé ara mọ́tò yìí àti dídán rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń lò. Àwọn tó ń tún un ṣe lónìí, tí wọ́n ń fá a títí gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀ fi gún régé, ohun tí Ford kò ṣe rí ni wọ́n ń ṣe.