Ìtànṣán fóònù: bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tó yẹ kí ará Ayọ̀bọ̀ mọ̀ kó tó rà á

Nínú oṣù Keje, ọdún 2004, ọ̀rọ̀ kan jà ràn-ìn nílùú Èkó. Wọ́n ní àwọn nọ́ńbà fóònù kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn, ńṣe ló máa ṣubú lulẹ̀, tí yóò sì gbabẹ̀ kú. Fóònù GSM kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní Nàìjíríà nígbà náà, nítorí oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, ni iléeṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun àràmàǹdà ló sì ṣì jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí òótọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti kárí àdúgbò kí àlàyé àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó dé. Nígbà tó di ọdún 2020, òmíràn tún bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G ló ń fa àrùn Kòrónà. Bẹ́ẹ̀ lásìkò náà, Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn NCC, kò tíì fún iléeṣẹ́ kankan ní ìwé àṣẹ 5G. Oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ni wọ́n tó ṣe gbàǹjo rẹ̀.

Irọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ ìbéèrè gidi kan wà lábẹ́ wọn tí kò yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín: ṣé ohun kan ń ti inú fóònù wọ ara èèyàn? Bó bá ń wọ̀ ọ́, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ta ló sì ń wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ilé láti Ìpájà títí dé Ayọ̀bọ̀, Mẹ́gídà àti Ìṣẹ́fun, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò ní fóònù lọ́wọ́ mọ́. Ìyá tó ń ta ata ń fi í gba owó, ọlọ́kadà ń fi í dá oníbàárà lóhùn, ọmọ iléèwé sì ń fi í wo fídíò títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Òótọ́ ni pé ohun kan ń wọ ara. Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń gbé ohùn àti ọ̀rọ̀ wa lọ, irú èyí tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ń lò látọjọ́ tó ti pẹ́. Kò dà bí ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn, èyí tó lágbára láti ba èròjà inú ara jẹ́ tààrà. Ohun tí àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa ìgbì rédíò ni pé bó bá pọ̀ lápọ̀jù, ó máa ń mú ara gbóná. Ìwọ̀n ooru yìí ni gbogbo òfin tó wà lórí fóònù dúró lé.

Orúkọ tí wọ́n fún ìwọ̀n náà ni SAR. Ó ń sọ iye agbára ìgbì rédíò tí kílógíráàmù kan nínú ẹran ara ń fà mu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ẹranko fi hàn pé bí gbogbo ara bá ń fa nǹkan bíi wáàtì 4 mu fún kílógíráàmù kan, ooru ara yóò fi nǹkan bíi ìwọ̀n kan lé sí i, ìwà ẹranko náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àjọ àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní ICNIRP wá pín iye yìí sọ́nà 50, wọ́n ní ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ìyẹn wáàtì 0.08, ni kí ará ìlú máa gbà ní gbogbo ara. Fún orí àti àyà, tó jẹ́ ibi kékeré ni fóònù ń sún mọ́, wáàtì 2 ni òpin rẹ̀. Fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó jẹ́ 4. Ọdún 1998 ni wọ́n gbé ìlànà yìí jáde, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2020. Òun ni NCC ń tẹ̀ lé níbí.

Amẹ́ríkà ní tiwọn ń lo wáàtì 1.6. Ìyàtọ̀ náà ju ti iye lásán lọ, nítorí orí gíráàmù kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé gíráàmù 10 ni ti ICNIRP. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹni tó fi ṣíbí kékeré bu ibi tí ata kóra jọ sí yóò pariwo ju ẹni tó fi ìgbakọ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó tọ́ ọ wò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọn kì í dán an wò lára èèyàn. Nínú yàrá ìdánwò, wọ́n máa ń ṣe orí oníke kan tí inú rẹ̀ ṣófo, wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì da omi kan kún un. Kì í ṣe omi lásán o. Láyé ìgbà tí ìdánwò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi, ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n máa ń pò pọ̀, kó lè máa gba ìgbì rédíò bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń gbà á. Wọn yóò wá fi fóònù mọ́ etí orí oníke náà láti ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọn yóò kọ́kọ́ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, lẹ́yìn náà wọn yóò fà á kúrò díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbé e lọ́nà tó dẹ̀gbẹ́.

Bátìrì fóònù náà gbọ́dọ̀ kún. Ẹ̀rọ kan tó ń ṣe bí òpó ìbánisọ̀rọ̀ yóò wá pàṣẹ fún un pé kó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má dín kù rárá. Láti òkè, apá rọ́bọ́ọ̀tì kan yóò ti ọ̀pá tín-ínrín bọ inú omi náà, yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, yóò máa wọn agbára ìgbì náà láti ojú kan sí òmíràn. Bó bá ti rí ibi tó ti le jù, yóò padà síbẹ̀, yóò sì tún un wọ̀n fínnífínní yí ká. Báyìí ni wọn yóò ṣe é fún etí méjèèjì, fún oríṣi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan tí fóònù náà ń lò, wọn yóò sì tún ṣe é fún ara pẹ̀lú. Nínú gbogbo iye tó bá jáde, èyí tó ga jù lọ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, nígbà mìíràn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń jókòó sórí tábìlì kì í sábà la irú wàhálà yìí kọjá. Bí ẹ̀rọ kan bá jẹ́ èyí tó máa ń jìnnà sí ara ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìṣirò agbára tó ń tàn jáde lára rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Ní ti 5G tí wọ́n ta ní gbàǹjo lọ́dún 2021, orí ìgbì 3.5 GHz ló wà, ìwọ̀n SAR kan náà yìí ló sì kàn án.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òpó gogoro, nítorí òun ni ìjà máa ń wáyé lé lórí jù. Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ri òpó mọ́lẹ̀ ládùúgbò, àwọn onílé á fárígá pé àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n gbé wá. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò nípa ariwo jẹnẹrétọ̀ àti èéfín dísù abẹ́ òpó náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìgbì rédíò, ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde lọ́dún 2006 pé ohun tó ń dé ara aráàlú láti ara òpó kò ju láti ìdá 0.002 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Ìdí ni pé ìgbì náà ń tàn lọ síwájú láti òkè ni, agbára rẹ̀ sì ń yára dín kù bó ṣe ń jìnnà. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù.

Fóònù ní tiẹ̀, etí ló wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé agbára tí fóònù ń lò kì í dúró sójú kan. Bí òpó bá wà nítòsí, fóònù á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí òpó bá jìnnà, tàbí tí ẹ bá wà nínú yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dáa, fóònù á máa pariwo bí ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òdìkejì títì Ìpájà nígbà tí mọ́tò pọ̀. Fóònù GSM lè lo tó wáàtì 2 nígbà tó bá ń pariwo bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ àsìkò ló fi ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, àdúgbò tó lé òpó jìnnà lè wá rí i pé ohun tó ń wọ orí àwọn èèyàn rẹ̀ ti pọ̀ sí i ni.

Ibi tí ewu gidi fara pamọ́ sí ni fóònù tí kò la ìdánwò kankan kọjá. Òfin Nàìjíríà ni pé NCC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú fóònù kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ọjà, ìwé àbájáde ìdánwò sì wà lára ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é máa kó wá. Àmọ́ ayédèrú fóònù tó gba ẹ̀yìn wọlé kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìdánwò. Àwòrán iléeṣẹ́ ńlá lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má sì sí ẹnì kan tó mọ bí agbára inú rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó bá lọ sí Ìyànà-Ìpájà tàbí ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà lọ ra fóònù olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ rẹ̀ kò lè fi ojú lásán dá a mọ̀.

Èyí tó la ìdánwò kọjá pàápàá ní àbùkù tirẹ̀. Orí oníke tí wọ́n ń lò, orí géńdé ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó tóbi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, èyí sì ti mú kí àwọn kan máa bèèrè bó ṣe bá orí ọmọdé mu. Yàtọ̀ síyẹn, nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò fún ara, wọ́n máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, bíi mìlímítà 5, láyé àtijọ́ ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé pélébé inú páálí ló máa ń sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ta ló wá ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú àwọn ìyá ọjà tó ń ki fóònù bọ inú kọ́mú, tàbí tó ń fi gèlè há a mọ́ etí kí ọwọ́ wọn lè ráàyè ka owó?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayédèrú nìkan. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, àjọ tó ń mójú tó ìgbì rédíò ní ilẹ̀ Faransé, ANFR, kéde pé àwọn ra iPhone 12 lọ́jà bí oníbàárà ṣe ń rà á, àwọn sì dán an wò. Fún ẹni tó mú un lọ́wọ́ tàbí tó fi í sínú àpò ṣòkòtò, wáàtì 5.74 ló jáde, nígbà tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Wọ́n ní kí Apple dá títa rẹ̀ dúró. Iléeṣẹ́ náà kò gbà pé fóònù àwọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àtúnṣe sí ètò inú rẹ̀ fún àwọn ará Faransé. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ìjọba lọ ra ọjà fúnra rẹ̀, kò gba ìwé oníṣẹ́ gbọ́ lásán.

Ní ti àrùn jẹjẹrẹ, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí rẹ̀ fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí ohun tó ṣeé ṣe kó fà á lóṣù Karùn-ún, ọdún 2011, nítorí ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àgbéyẹ̀wò ńlá kan tí WHO tún ní kí wọ́n ṣe, tó jáde lọ́dún 2024, kò rí i pé lílo fóònù ń fa jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye SAR fóònù rẹ̀ lè tẹ *#07#, yóò jáde lójú ọ̀pọ̀ fóònù. Bó bá tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 tó jẹ́ ti fóònù náà nìkan ni yóò rí, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára páálí mu kó tó sanwó. NCC máa ń kọ orúkọ àwọn fóònù tí wọ́n ti fọwọ́ sí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ọ̀fẹ́ sì ni pípe 622 tí aráàlú lè fi bá wọn sọ̀rọ̀.