Business Class Kò Ní Afẹ́fẹ́ Tirẹ̀ Lọ́tọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Atlanta kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì business class fún màmá wa, gbogbo ilé hó yèè. Màmá mi kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí ju Èkó sí Àbújá lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi parí rẹ̀ ni pé: "Mọ́mì máa na ẹsẹ̀ wọn sùn débí ni. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti parí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n bá wọn hó. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, màmá mi jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Kàdúná dé Ìbàdàn, wọn ò sọ̀kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì wọn wú, ó gbóná, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń ro wọ́n. A rò pé àárẹ̀ ni. Ọsíbítù ni wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Bí irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ bá já, tó gba inú ọkàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Èkó sí Atlanta sì ju wákàtí méjìlá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí owó rà. Ó ra àyè, ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra oúnjẹ nínú àwo gidi. Kò ra afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ń mí. Ọkọ̀ ń fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sí 40,000, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé èèyàn á dákú láìpẹ́. Ẹ̀rọ ló ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í kún un tó ti ilẹ̀, torí ara ọkọ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí ẹ máa bá nínú rẹ̀ dà bíi pé ẹ wà lórí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Òkè Ìdànrè tá à ń gùn tá à ń mí hẹlẹ kò tó ìdajì 8,000 yẹn o.

Ní gíga 8,000, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etíkun lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Afẹ́fẹ́ inú ikùn náà á fẹ̀ sí i ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ màmá mi pé kí wọ́n fi ẹ̀wà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ṣé ebi ni wọ́n wá ra business class fún?"

Ó tún máa ń gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìdá 20 nínú 100, nítorí náà ìpara ètè àti omi díẹ̀díẹ̀ ṣe kókó. Ahọ́n pàápàá kì í gbọ́ adùn dáadáa níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì dán èyí wò fún Lufthansa nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà bíi ti inú ọkọ̀: iyọ̀ àti ṣúgà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu mọ́, àmọ́ omi tòmátò dùn sí i.

Ká padà sí ẹsẹ̀. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún un padà sókè. Tí a bá jókòó sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́, èyí tó bá sì ń wọ́ lè dì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2007 pé ìrìn-àjò wákàtí mẹ́rin sókè láìnasẹ̀ ń sọ ewu yìí di nǹkan bí ìlọ́po méjì, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè. Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú 6,000 ni ó ń ṣe. Àwọn kan máa ń pè é ní àìsàn economy class, orúkọ yẹn ló sì ṣi ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà. Bẹ́ẹ̀dì dára, torí ẹsẹ̀ kò ní rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu wáìnì ọ̀fẹ́, tó lo oògùn oorun lé e, tó sùn bí òkú fún wákàtí mẹ́sàn-án, kò mi ẹsẹ̀ rárá.

Ẹnì kan nínú 6,000 yẹn kì í sì í ṣe ìṣirò màmá mi. Ẹni tó bá ti ṣe rí, ewu tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ká tó ra àpótí, dókítà la kọ́kọ́ lọ bá. Ó kọ oògùn fún wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí mo mọ̀ wá. Ẹ má sì fi aspirin ṣe dókítà ara yín.

Ó tún ní kí wọ́n ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, èyí tó ga dé abẹ́ orúnkún. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rà á, láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú. Aránṣọ ni màmá mi, kíá ni téèpù jáde: ọ̀tún íǹṣì 14, òsì íǹṣì 14 àtààbọ̀, torí ẹsẹ̀ òsì kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ti jí, ẹ máa tẹ máṣíìnì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yé wọn: bí wọ́n ṣe ń tẹ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹran ẹsẹ̀ ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ sókè. Kí wọ́n sì dìde rìn láàárín. Ibi tí owó ti wúlò nìyí: wọn ò ní í bẹ ẹnikẹ́ni kó ká ẹsẹ̀ kò.

Oògùn wọn wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí. Mo tún ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jí wọn dáadáa kí ọkọ̀ tó máa bọ̀ nílẹ̀, torí ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì tó, etí á sì dí.

Wọ́n gúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi fi téèpù wọn ẹsẹ̀ wọn, ó fi ránṣẹ́: ọ̀tún 14 àtààbọ̀, òsì 15. Ìdajì íǹṣì ni ẹsẹ̀ méjèèjì fi lé, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹyọ kan tó bá dá wú, tó gbóná, tó ń ro, tàbí èémí tó ṣàdédé kúrú, ọsíbítù ni lójú ẹsẹ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà sí 14 àti 14 àtààbọ̀.

Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ìrẹsì inú ọkọ̀ yẹn kò níyọ̀ rárá. Mo ní iyọ̀ wà níbẹ̀, ahọ́n ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo jẹ ẹ́ ni?"