Ìṣẹ́jú 48

Mo ní ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ mi tí kò sí láyé. Ọmọ ọdún 18 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni mo sì máa ń fojú inú rí pé ó fẹ̀ bí àtẹ. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀dá rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà náà ló ń gbé. Síbẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣírò ìṣẹ́jú tó ń lò lórí pápá bí ìyálọ́jà ṣe ń ṣírò owó àjọ. BuzzerBeater lorúkọ eré náà, ó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2007, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á di alákòóso ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. A kì í tẹ bọ́tìnì kí ẹnì kan fò sókè. Tiwa ni ká ra agbábọ́ọ̀lù, ká tà, ká to ẹgbẹ́, ká sì yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́. Ẹ̀rọ ni yóò gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀, yóò wá jábọ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó dé tuntun ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á rò pé bí ẹgbẹ́ àwọn bá ṣáà ti ń borí, àwọn ọmọ náà á máa mọ̀ ọ́n gbá sí i. Ẹ̀rọ yìí kò ka ìborí sí rárá nígbà tó bá ń kọ́ni. Ìṣẹ́jú ló ń kà.

Ohun 12 ni ẹ̀rọ fi ń wọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Jíju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n wà níbẹ̀, jíjù ú láti òkèèrè wà lọ́tọ̀, dídarí bọ́ọ̀lù, pípín in fún ẹlòmíì, dídènà níta, dídènà lábẹ́ agbọ̀n, gbígba èyí tó ta padà, títí dé orí èémí àti jíju ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ibi tí ẹnì kan dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atrocious ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé ó burú jáì. Awful ni ìkẹta, inept ni ìkẹrin, legendary ni wọ́n ń pe ipele 20. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ìdá kéékèèké wà tí ojú wa kì í tó. Ńṣe ló dà bí omi tó ń kán sínú ìkòkò tí wọ́n dé: ó ń kún lójoojúmọ́, ẹni tó dúró tì í kò rí i, àfìgbà tó bá kún dé ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà sì yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ̀rètí nù lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ̀kọ́, nígbà tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹgbẹ́ lè kọ́ lọ́sẹ̀ kan. Alákòóso á yan ẹ̀kọ́ náà, á sì yan ipò tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún jẹ mọ́ lórí pápá. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ á wo ẹ̀yìn wò: ta ló gbá bọ́ọ̀lù nípò yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú mélòó ló sì fi gbá a? Ẹni tó bá pé 48 gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lódindi. Ẹni tí kò pé gba ìwọ̀nba. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú 60 kò rí ju ti ẹni tó lo 48 lọ, kódà bí àṣejù bá wọ̀ ọ́, ara ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Eré kan gùn tó ìṣẹ́jú 48. Bí ẹgbẹ́ bá gbá ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, líìgì méjì àti eré ọ̀rẹ́ kan, ipò kan ṣoṣo á ní ìṣẹ́jú 144. Ẹni mẹ́ta péré nìyẹn, kò lé, kò dín. Ẹ̀kọ́ míì wà tó gba ipò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni mẹ́fà fi lè jẹ níbẹ̀, àmọ́ yóò falẹ̀ fún oníkálukú wọn. Oúnjẹ tí ẹni mẹ́ta ìbá jẹ yó ni ẹni mẹ́fà pín. Lójú tèmi, ẹni mẹ́ta dáa jù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé bó ṣe lọ. Bọ́ọ̀lù pípín ni mò ń kọ́ wọn, ipò gáàdì tó ń darí eré ni mo sì yàn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ gíga mi lo ìṣẹ́jú 31 níbẹ̀. Ó ku 17. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo fi í sórí ìjókòó kó wọlé rọ́pò ẹlòmíì, ó rí 11. Ó ku 6. Eré ọ̀rẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fi dí àlàfo yẹn, ìṣẹ́jú 49 ló sì já sí nígbẹ̀yìn. Ti ẹnì kejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fáwùlù mẹ́fà ló pé sí i lọ́rùn lọ́jọ́ kan náà kí ìdá kẹta eré tó parí, ó di dandan kó jáde, 41 ló bá ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú méje tó sọnù yẹn dùn mí ju àmì ayò tí a pàdánù lọ.

Ibi tó ti ń gbóná gan-an ni ọ̀rọ̀ ipò. Ta ní í fi òmìrán ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11 ṣe gáàdì? Àwọn kúkúrú tí ẹsẹ̀ wọn yá bí àṣá ló ń bá pàdé níbẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ẹgbẹ́ mi ń jìyà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a padà sábẹ́ agbọ̀n níbi tó ti mọ ọ̀nà, a ó borí, kò sì ní kọ́ bọ́ọ̀lù pípín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Owó nìkan kọ́ ni èèyàn fi ń ra ìmọ̀ níbẹ̀. Eré tòní ni èèyàn ń san.

Gíga náà tún ń dá kún un. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe ga tó ni iṣẹ́ abẹ́ agbọ̀n ṣe ń tètè wọ̀ ọ́ lára, tí iṣẹ́ gáàdì á sì máa fà. Ti kúkúrú wá jẹ́ òdìkejì. Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: ọmọ ọdún 18 ń tètè kọ́ ohun tó máa ń pẹ́ kí ẹni ọdún 27 tó kọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ eré yìí fi ń kọ́ àwọn ọmọ gíga ní iṣẹ́ gáàdì ní kékeré, nígbà tí igi ṣì tutù, tí wọ́n sì ń fi ti abẹ́ agbọ̀n sílẹ̀ de ìgbà tó bá yá.

Bí mo bá ti ronú dé ibẹ̀, Hakeem Olajuwon ló ń wá sí mi lọ́kàn. Èkó ni wọ́n bí i lọ́dún 1963, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló sì kọ́kọ́ gbá kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó ti di ọ̀dọ́langba. Ẹsẹ̀ tó ti yá lórí pápá Èkó ló gbé lọ sábẹ́ agbọ̀n ní Amẹ́ríkà. Sẹ́ńtà ni, ó dá bọ́ọ̀lù 3,830 dúró lófuurufú nínú NBA, kò sì tíì sẹ́ni tó ju ìyẹn lọ. Ó tún já 2,162 gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ gáàdì. Òmìrán tó kọ́kọ́ kọ́ ẹsẹ̀ kúkúrú ni, ohun tí mo sì ń fi ìṣẹ́jú 48 wá kiri nìyẹn.

Olùkọ́ tí a gbà síṣẹ́ náà ní ipele, láti 1 dé 7. Bí ó bá ṣe mọṣẹ́ tó ni ẹ̀kọ́ ṣe ń yá, tí owó rẹ̀ sì ń wọ́n. Ẹ̀kọ́ kan a sì máa ta sí òmíràn lára: ẹni tó ń kọ́ ìdojúkọ ẹnì kan sí ẹnì kan, dídarí bọ́ọ̀lù àti gbígbé e wọlé á jọ máa gòkè.

Gbogbo rẹ̀ ní òpin. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dá agbábọ́ọ̀lù ló ti kọ àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ sí i lára, a ò sì lè tún un kọ. Ìsàlẹ̀ ni ti announcer, ẹni tí gbohùngbohùn nìkan yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè ni all-time great. Tí ìmọ̀ ọmọ náà bá ti sún mọ́ ibi tí wọ́n yàn fún un, ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹni tó lọ fi sáà mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 14 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ ọmọ tí àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ kéré ti da omi sínú apẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ náà ń bẹ: ìmọ̀ tó bá pọ̀ sí i, owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà lọ́sẹ̀ á pọ̀ sí i nígbà tí sáà tuntun bá wọlé. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà, tí kò wá lè san owó wọn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí i kí n tó fẹnu kan tíì. Níwájú bọ́ọ̀lù pípín, níbi tí awful ti wà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, inept ló wà níbẹ̀. Ipele 4 péré ni. Mo tún kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò gáàdì fún Àbámẹ́ta, níwájú ẹgbẹ́ tó wà lókè wa lórí tábìlì.