Èjìká Tó Lé Meg Lanning Kúrò Lórí Pápá

Lọ́dún 2017, ìrora èjìká mú kí Meg Lanning, balógun ikọ̀ obìnrin Ọsirélíà nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, pàdánù ìdíje Ashes, ìyẹn ìdíje ńlá tí àwọn àti England jọ máa ń du. Ilé wọn gan-an ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún náà.

Kíríkẹ́ẹ̀tì yìí náà ni àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà fi na New Zealand ní Malaysia nínú oṣù kìíní ọdún 2025, nínú Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 19. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnì kejì á fi igi gbá a. Àwọn tó dúró káàkiri pápá á sáré mú un, wọ́n á sì jù ú padà kíákíá. Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kò ju gíráàmù 151 lọ, ṣùgbọ́n láti etí pápá, ó lè ju mítà 50 lọ kó tó dé àárín.

Ibẹ̀ ni èjìká ti ń jìyà. Orí egungun apá dà bí ọsàn tí a gbé lé àwo pẹrẹsẹ kékeré. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká tó dì í mú kó má bàa yẹ̀. Bí eléré bá ń ju bọ́ọ̀lù léraléra, nígbà ìdánrawò àti lórí pápá, iṣan wọ̀nyí lè wú, wọ́n tilẹ̀ lè ya. Díẹ̀díẹ̀ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Lanning rí. Èjìká rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó lọ sí Ife Àgbáyé ní England lọ́dún 2017. Síbẹ̀, ó gba àmì 152 lára Sri Lanka ní Bristol, wọn kò sì rí i lé jáde. Ẹni tó wò ó lọ́jọ́ náà lè rò pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbá igi. Apá kan ṣoṣo ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ní láti jókòó nínú àwọn eré kan, Íńdíà sì lé wọn jáde kí àṣekágbá tó dé.

Lẹ́yìn náà, ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún èjìká náà. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí kò fi ṣeré fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Rachael Haynes ló darí ikọ̀ nínú Ashes. Àmì 8 sí 8 ló parí sí, ife sì dúró lọ́wọ́ Ọsirélíà torí pé ọwọ́ wọn ló wà tẹ́lẹ̀.

Sùúrù náà kò já sí asán. Lóṣù kẹta ọdún 2018, Lanning padà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gba Ife Àgbáyé T20. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2020, ó tún gbà á ní Melbourne níṣojú èèyàn 86,174.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún iyán, tí ẹ sì ń gbé ẹrù lọ́jà, irú èjìká kan náà la jọ ní. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, tàbí tí apá kò ṣeé gbé sókè mọ́, ẹ má fi ìpara nìkan tù ú. Ẹ lọ rí dókítà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.